Talking Heads: báwo ni orin wọn ṣe yí padà láti àwo dé àwo, ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àyìndé_Agbọ́rin

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Orin Talking Heads, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Amẹ́ríkà, méjì péré ni mo mọ̀ dunjú: "Psycho Killer" àti "Once in a Lifetime". Bí mo bá gbọ́ wọn tẹ̀léra, ó máa ń ṣòro fún mi láti gbà pé ẹgbẹ́ kan náà ló ṣe é. Ti àkọ́kọ́ gbẹ, ohun èlò inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Èkejì kún fọ́fọ́, ìlù ń wọnú ìlù, ègbè ń gun orí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1977 sí 1980 ni àárín wọn. Mo rí i pé àwo mẹ́jọ ni wọ́n ṣe ní sítúdíò kí wọ́n tó tú ká. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ṣé kí n máa gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀léra ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Onílù_Àgbà

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára. Tẹ̀lé wọn bí wọ́n ṣe jáde, má fo ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ohùn David Byrne, akọrin wọn, gba gbogbo etí rẹ. Òun lèèyàn máa ń kọ́kọ́ gbọ́, torí pé ó ń gbọ̀n, ó sì máa ń ké lójijì. Ìsàlẹ̀ ni kí o tẹ́tí sí: báàsì Tina Weymouth àti ìlù Chris Frantz. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, Rhode Island School of Design, kí wọ́n tó kó lọ sí New York. Weymouth kì í ṣe oníbáàsì tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí wọn kò rí ẹni tí yóò máa ta á fún wọn ló kọ́ ọ. Ní June 1975 wọ́n ṣeré ní CBGB, ilé ìgbafẹ́ olórin kan níbẹ̀, àwọn ló ṣíde fún ẹgbẹ́ pọ́ǹkì Ramones. Jerry Harrison, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Modern Lovers, ló dé gbẹ̀yìn, ní 1977, pẹ̀lú gìtá àti dùùrù.

Gbọ́ *Talking Heads: 77* báyìí. Ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ pọ́ǹkì tó yí wọn ká ń fi ariwo gìtá bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Gìtá wọn mọ́ kedere, àyè sì wà láàárín ohun èlò kan àti èkejì. Báàsì ló ṣáájú nínú "Psycho Killer", o sì lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ohun tó dí ọ lọ́nà. Àwo ẹlẹ́ni mẹ́rin ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan di ipò tirẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n orin tó ṣíde àwo yẹn, "Uh-Oh, Love Comes to Town", ní ìlù onírin àwọn ará Caribbean nínú. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí ó fi hàn pé ọkàn wọn ti ń fà sí ìlù òkèèrè kí ẹnikẹ́ni tó wá tọ́ wọn síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó jẹ́ pé orin méjì ló mọ̀, bí a bá kó àwo mẹ́jọ lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè tètè sú u. Èmi á ní kó kọ́kọ́ wo *Stop Making Sense*, fíìmù tí Jonathan Demme yà nígbà tí wọ́n ṣeré ní Pantages Theatre ní Hollywood ní December 1983. Bí wọ́n ṣe to eré náà gan-an ni ìdáhùn. Orí ìtàgé ṣófo. Byrne nìkan jáde, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan sílẹ̀, ó fi gìtá kọ "Psycho Killer". Weymouth bá a nínú "Heaven" pẹ̀lú báàsì. Lẹ́yìn náà àwọn òṣìṣẹ́ ti ìlù Frantz jáde lójú gbogbo èrò, ó jókòó tì í fún "Thank You for Sending Me an Angel". Harrison dé nínú "Found a Job". Láti ibẹ̀ ni àwọn elégbè, onílù ọwọ́ àti onídùùrù ti ń wọlé, nígbà tí yóò sì fi di "Burning Down the House", àwọn mẹ́sàn-án ti pé.

Àyìndé, ohun tí ò ń béèrè wà nínú orin mẹ́fà àkọ́kọ́ yẹn. Ojú rẹ á rí ẹni tó gbé ohùn kọ̀ọ̀kan wá. Bí o bá wá padà sídìí àwo, etí rẹ á ti mọ ẹni tó ń ṣe kí ni.

Akọ̀wé_Àwo

Fíìmù yẹn á fi hàn án pé nǹkan yí padà, kò ní sọ ohun tó fà á. Brian Eno ni ẹni tó yẹ kí Àyìndé mọ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Roxy Music, ó sì gbà pé sítúdíò fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun èlò orin. Àwo mẹ́ta léraléra ló bá wọn ṣe.

Àkọ́kọ́ ni *More Songs About Buildings and Food*, 1978, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò Compass Point ní Nassau, ní erékùṣù Bahamas. Àwọn orin náà kò tíì jìnnà sí ti 77, ṣùgbọ́n báàsì àti ìlù ti bọ́ síwájú, wọ́n sì ti wúwo sí i. "Take Me to the River" ni kí o fi wádìí rẹ̀. Al Green ló ni orin yẹn, ó ti ṣe é ní 1974. Àwọn wá dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n mú kó máa rìn jẹ́jẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí àlàfo inú rẹ̀ hàn. Ó dé ipò 26 lórí àtẹ orin Amẹ́ríkà. Àwo yìí kò gbà mí lákòókò púpọ̀, gbọ́ ọ kí o sì máa lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí pẹ́ ni *Fear of Music*, 1979. Inú ilé Frantz àti Weymouth ní New York ni wọ́n ti gba ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ dúró sí ìta, wọ́n sì na wáyà gba ojú fèrèsé wọlé. Àwo tó ṣókùnkùn ni. Orúkọ àwọn orin inú rẹ̀ kúrú gan-an: "Mind", "Paper", "Cities", "Air", "Animals", "Drugs". Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kọrin ń bẹ̀rù ohun kan tó yẹ kó jẹ́ ohun lásán. Afẹ́fẹ́ ń dùn ún, ẹranko ń bí i nínú. Eno sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ da ohùn rú: gìtá kan á dún bí ohun tó wà lábẹ́ omi, ègbè kan á ti ọ̀nà jíjìn wá.

Ṣùgbọ́n orin tó ṣíde rẹ̀, "I Zimbra", yàtọ̀ pátápátá. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èdè kankan. Ewì Hugo Ball, akéwì ọmọ Jámánì nínú Dada, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tó kọ ìlànà àtijọ́, ni wọ́n mú, ewì tó jẹ́ ìró lásán. Robert Fripp, onígìtá ẹgbẹ́ King Crimson, ta gìtá sí i. Ìlù ọwọ́ kún inú rẹ̀, gbogbo wọn kọrin pọ̀, kò sí akọrin kan tó dá dúró níwájú. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbà kọjá sí àwo kẹrin, *Remain in Light*, nìyẹn.

Ṣadé_Báàsì

Mo ń ti ọ̀rọ̀ Akọ̀wé lẹ́yìn lórí *Fear of Music*. Àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá lọ sí *Remain in Light*. Ẹ fi "Cities" àti "Life During Wartime" kọ́ báàsì, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ. Weymouth kì í tẹ ohùn púpọ̀ rárá, ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́.

Àyìndé_Agbọ́rin

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbọ́ "I Zimbra" báyìí, mo sì gbọ́ ohun tí Akọ̀wé ń sọ. Ìbéèrè mi tó kù: mo kà níbì kan pé Fela ni wọ́n gbọ́ kí wọ́n tó ṣe *Remain in Light*. Ṣé òótọ́ ni, àbí àwa la kàn ń fi ṣe yangàn?

Onílù_Àgbà

Òótọ́ ni, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. Àwo Fela tó ń jẹ́ *Afrodisiac*, ti 1973, ni Eno gbé fún Byrne láti gbọ́. Nígbà tí wọ́n sì ń fi àwo tuntun wọn ránṣẹ́ sí àwọn oníròyìn, wọ́n kọ orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n kà mọ́ ọn, títí kan ìwé lórí ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Wọn kò fi ibi tí wọ́n ti mú un pamọ́.

Wo ohun tí wọ́n rí kọ́. Nínú rọ́ọ̀kì, kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀) ló máa ń yí padà kí orin tó sún síwájú. Nínú orin Fela, báàsì á máa tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, gìtá kan á ta gbólóhùn kúkúrú, òmíràn á fèsì, Tony Allen, onílù rẹ̀, á sì máa fi ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ṣe nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan kéré, àpapọ̀ wọn ló tóbi. Ẹni tó bá ti rí bí omele ṣe ń dúró lójú kan kí ìyá ìlù lè rí àyè sọ̀rọ̀, kò ní pẹ́ mọ ohun tí mò ń wí.

Wọ́n padà sí Compass Point ní 1980 láìmú orin kankan dání. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ ìlù tàbí báàsì, àwọn yòókù á bá a gbé e, wọ́n á ta á títí. Wọ́n á wá mú ibi tó dùn jù nínú rẹ̀, wọ́n á máa fi ohùn mìíràn lé e lórí. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn tún un ta, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ta ohun kan náà láìyẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú gbọọrọ. Nígbà tí tépù bá kún tán, wọ́n á jókòó sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á pa ohùn yìí, wọ́n á ṣí ìyẹn. Pípa àti ṣíṣí yẹn ló ń sọ apá kan di ẹsẹ orin, tó sì ń sọ òmíràn di ègbè. Orin ti wà kí ọ̀rọ̀ tó wà. Byrne wá ọ̀rọ̀ lé e lẹ́yìn náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi ti àwọn oníwàásù tó ń gbọ́ lórí rédíò Amẹ́ríkà.

Ẹ má pè é ní Afrobeat o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Fela ń ta orin lójú ara wọn, ìwọ gbọ́ tèmi, èmi gbọ́ tìrẹ, orin kan sì lè gba odidi ojú àwo kan. Orin mẹ́jọ ló wà nínú *Remain in Light*, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí ìṣẹ́jú 40, orí tépù ni àwọn ohùn náà sì ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí ẹni mẹ́rin kò fi lè gbé e lọ sí ìtàgé. Ní August 1980, kí àwo náà tó jáde ní October, wọ́n gbé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án lọ síbi àjọ̀dún Heatwave ní Kánádà: Adrian Belew lórí gìtá, Bernie Worrell láti ẹgbẹ́ fọ́ǹkì Parliament-Funkadelic lórí dùùrù, Busta Jones lórí báàsì kejì, Steve Scales lórí ìlù ọwọ́, Dolette McDonald fún ègbè. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹgbẹ́ mìíràn ni wọ́n.

Iṣẹ́ tí mo máa fún ọ: gbọ́ "The Great Curve" nínú àwo náà. Tọ báàsì nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Padà, kí o tọ àwọn ohùn ègbè nìkan, wàá gbọ́ ibi tí orin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà láìdí ara wọn lọ́wọ́. Gìtá Belew ni kí o gbọ́ kẹ́yìn.

Ṣadé_Báàsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n fi "Once in a Lifetime" kún un, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó wà nínú méjì tí Àyìndé mọ̀. Ìdí wà tí orin yẹn fi máa ń dà bíi pé ilẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ibi tí Eno gbà pé ìlù ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ka "ọ̀kan" rẹ̀ sí ibòmíràn. Wọn kò tún un ṣe, wọ́n jẹ́ kí ìkà méjèèjì wà nínú rẹ̀. Àyìndé, fi ọwọ́ lu tábìlì tẹ̀lé báàsì, kí o tún bẹ̀rẹ̀, kí o tẹ̀lé ohùn Byrne. Wàá rí i pé orin náà ní ìdí méjì tó lè jókòó lé. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n jù ú nù pàápàá, torí Eno kò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Àwo yìí náà ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn. Àdéhùn ni pé orúkọ gbogbo àwọn tó kọ orin náà yóò wà lẹ́yìn àwo. Nígbà tó jáde, ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni "David Byrne, Brian Eno, Talking Heads". Inú àwọn mẹ́ta yòókù kò dùn. Lójú tèmi, wọ́n jàre. Orin tó ti inú ìlù àti báàsì wá, a kì í fi orúkọ onílù àti oníbáàsì pamọ́.

Akọ̀wé_Àwo

Ọ̀rọ̀ Ṣadé ló ṣí ìyókù sílẹ̀. Lẹ́yìn *Remain in Light*, oníkálukú ya sọ́dọ̀ tirẹ̀ fúngbà díẹ̀. Frantz àti Weymouth dá ẹgbẹ́ Tom Tom Club sílẹ̀, orin wọn "Genius of Love" jáde ní 1981. Byrne àti Eno gbé *My Life in the Bush of Ghosts* jáde ní February ọdún kan náà. Ṣáájú *Remain in Light* ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, ó kàn pẹ́ kó tó jáde ni. Ìwé Amos Tutuola ti 1954 ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì ka ìwé náà nígbà yẹn. Kò sí akọrin nínú àwo yẹn. Ohùn oníwàásù àti ti àwọn èèyàn orí rédíò ni wọ́n gé, tí wọ́n fi sórí ìlù. Gbọ́ ọ láàárín àwo kẹrin àti ìkarùn-ún.

*Speaking in Tongues*, 1983, ni wọ́n ṣe láìsí Eno. Òkùnkùn ti ká kúrò, fọ́ǹkì ti gba ilé. Frantz lọ wo Parliament-Funkadelic, ibẹ̀ ló ti gbé ariwo àwọn èrò tó di "Burning Down the House" bọ̀. Orin yẹn dé ipò 9 ní Amẹ́ríkà, òun nìkan ni tiwọn tó wọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn ni "This Must Be the Place". Wọ́n pààrọ̀ ohun èlò kí wọ́n tó ṣe é: Weymouth gbé gìtá, Harrison fi dùùrù ta báàsì. Nítorí pé ọwọ́ wọn wà níbi tí kò mọ́ wọn lára, wọ́n ta nǹkan kékeré, wọ́n sì ń tún un ta. Orin ìfẹ́ ni, kò sì sí ìbẹ̀rù kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó kọ "Air" ló kọ ọ́!

*Little Creatures* ti 1985 àti *True Stories* ti 1986 padà sí orin kúkúrú tó ní kọ́ọ̀dù. Orúkọ ẹgbẹ́ Radiohead wá láti inú orin kan nínú *True Stories*. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò ní púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ má fi ọwọ́ rọ́ *Little Creatures* sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. "Road to Nowhere" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ohùn láìsí ohun èlò, lẹ́yìn náà ni ìlù bẹ̀rẹ̀ sí yan bíi ti ológun, ohun èlò ń pọ̀ sí i títí dé òpin. Ohun tí wọ́n kọ́ ní 1980 ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn fi wọ aṣọ orin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni.

Ẹ kò tiẹ̀ dárúkọ *Naked*, 1988, èyí tó kẹ́yìn. Ìlú Paris ni wọ́n ti ṣe é, pẹ̀lú Steve Lillywhite tó bá wọn darí iṣẹ́ náà ní sítúdíò. Wọ́n pe àwọn olórin láti Áfíríkà àti Caribbean tó wà níbẹ̀, Mory Kanté ọmọ Gíní tó ń ta kora, ohun èlò olókùn, wà lára wọn, Johnny Marr ti The Smiths náà sì ta gìtá. Ní 1980, àwọn àti àwọn àlejò díẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara wọn wá ohun tí wọ́n gbọ́ nínú àwo. Ní 1988, àwọn tó ni orin náà jókòó sínú yàrá pẹ̀lú wọn. Gbọ́ "(Nothing But) Flowers", kí o gbọ́ bí gìtá ṣe ń rìn fúyẹ́fúyẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ wọn kò ṣe àwo mìíràn mọ́, wọ́n sì kéde ní 1991 pé ó ti parí.

Onílù_Àgbà

Bí o bá dé ibẹ̀, Àyìndé, wá *Remain in Light* ti Angélique Kidjo, 2018. Gbogbo orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló tún kọ, Tony Allen sì lu ìlù níbẹ̀. Ìlù tí wọ́n ń wá kiri ní 1980, ẹni tó ni ín gan-an ló wá lù ú.

Àyìndé_Agbọ́rin

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Màá wo fíìmù náà lálẹ́ yìí, màá sì bẹ̀rẹ̀ láti 77 lọ́la. Ṣé àwo kan wà tí mo ti lè gbọ́ ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin àti ẹgbẹ́ ńlá náà pa pọ̀, lójú agbo, láìsí ẹ̀rọ sítúdíò láàárín?

Ṣadé_Báàsì

Ó wà. *The Name of This Band Is Talking Heads*, 1982. Àwo méjì ni. Àwọn mẹ́rin nìkan, 1977 àti 1979, ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ ńlá, 1980 àti 1981, ló wà nínú ìkejì. Wọ́n tún un tẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú orin tó pọ̀ sí i, ìyẹn ni kí o wá. Lo agbòhùn etí tó dára, torí báàsì ìkejì nínú àwo kejì kì í hàn nínú fóònù.